Ṣé Kí N Máa Fúngun Mọ́ Ọn, Àbí Kí N Fi Í Lọ́rùn Sílẹ̀?

Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bá sọ pé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ti parí, ọpẹ́ ni àwọn ará ilé máa ń ṣe. Wọ́n á mú ẹni náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí wọ́n pe ààfáà wá ṣàdúà. Àwọn ọ̀rẹ́ á wá kí i, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á sì padà sílé wọn. Ẹni méjì ló máa ń kù: ẹni tí wọ́n tọ́jú, àti ọkọ tàbí aya rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ìtànṣán àti ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ ṣe sínú ẹnu kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé.

Ẹni tí wọ́n bá fi ìtànṣán tọ́jú ẹnu rẹ̀ sábà máa ń lọ sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà 30 sí 35, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7. Ibi tí jẹjẹrẹ wà ni wọ́n dojú ẹ̀rọ náà kọ, ṣùgbọ́n iṣan tí a fi ń jẹun àti ibi tí itọ́ ti ń sun wà ládùúgbò kan náà, wọ́n sì máa ń gba tiwọn nínú rẹ̀. Ẹnu á bó, itọ́ á gbẹ, adùn oúnjẹ á pòórá. Ẹnu tó bó máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, adùn náà sì máa ń padà díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ti ń lọ, bí kò tilẹ̀ pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti iṣan àgbọ̀n ló yàtọ̀. Òun máa ń le sí i bí oṣù ti ń gorí oṣù, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti rò pé wàhálà ti tán. Láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹnu àgbàlagbà tó dá ṣáṣá máa ń là tó mílímítà 40 sí 50. Bí kò bá ti tó 35 mọ́, àwọn dókítà á kà á sí àgbọ̀n tó há. Nílé, kí ẹni náà to ìka mẹ́ta tirẹ̀ lóòró sáàárín eyín iwájú. Bí mẹ́ta kò bá wọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń dojú kọ ọ́ rọrùn láti sọ: kí ó máa la ẹnu, kí ó máa nà án, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, fún oṣù pípẹ́. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn mìíràn ń to igi pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n lé ara wọn, wọ́n á kì í sáàárín eyín, wọ́n á máa fi ọ̀kan kún un bí àgbọ̀n bá ti ń gbà. Ó máa ń dunni. Ó tún máa ń súni ju bó ṣe ń dunni lọ.

Nígbà tí ó bá wá di ọjọ́ kan tí ẹni náà ní òun kò ṣe mọ́, kí ni kí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe? Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn dá ẹjọ́ yìí wéré, àwọn kan fún aláìsàn, àwọn kan fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Lójú tèmi, kò ṣeé dá wéré.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tó ní kí á fúngun mọ́ ọn. Iṣan kì í dúró de ìgbà tí ara ènìyàn bá yá, èyí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òótọ́ sì ni. Àgbọ̀n tí a kò nà lè há débi pé dókítà eyín kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, eyín tó ń jẹrà níbẹ̀ á sì máa jẹrà lọ. Ọ̀fun náà kò yàtọ̀. Nígbà tí ẹnu bá bó, tí omi lásán pàápàá ń ta á, wọ́n lè fi rọ́bà oúnjẹ sí ènìyàn lára, bóyá láti imú, bóyá tààrà sínú ikùn. Ti ikùn tí wọ́n ń fi sí láìjẹ́ pé wọ́n la ikùn yẹn, dókítà méjì ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, Michael Gauderer àti Jeffrey Ponsky, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1979, ọmọ ọwọ́ sì ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tí rọ́bà yìí ti gbà lọ́wọ́ ebi láti ìgbà náà kò níye. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lé rọ́bà lọ́wọ́, tí kò gbé ohunkóhun mì mọ́, iṣan ọ̀fun rẹ̀ á máa rọ. Nígbà tí ẹnu bá fi máa jinná, ọ̀fun lè ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa gbígbé oúnjẹ mì fi ń ní kí aláìsàn máa gbé nǹkan díẹ̀ mì lójoojúmọ́ bí kò bá ti séwu, kí ó sì máa ṣe eré ìdárayá ọ̀fun tòun ti rọ́bà lára.

Ta ni yóò rántí gbogbo èyí ní kùtùkùtù òwúrọ̀? Ẹni tó ti Ìkàrẹ́ wá gba ìtànṣán ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn tàbí ní LUTH l'Ékòó ti gba yàrá gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti ná owó tó ní àti èyí tó yá. Kì í ṣe gbogbo oṣù ni yóò lè wọkọ̀ padà kí físíò tó bá a na àgbọ̀n. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan náà ni físíò rẹ̀.

Eyín tún wà níbẹ̀. Itọ́ ló ń bá wa ṣan eyín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí itọ́ bá gbẹ, eyín tó ti wà ní pípé láti ìgbà èwe lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láàárín oṣù díẹ̀. Bí wọ́n bá sì wá yọ irú eyín bẹ́ẹ̀ lára eegun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti pọ̀ lára rẹ̀, ojú ibẹ̀ lè kọ̀ kó má san, kí eegun náà kú, kó máa yọ síta. Ewu yìí kì í tán pẹ̀lú ọdún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fẹ́ yọ eyín tó ti bàjẹ́ kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì ní kí ẹni náà máa lo flúóráìdì títí ayé. Aya tó ń rán ọkọ létí búrọ́ọ̀ṣì lálaalẹ́, eegun àgbọ̀n ló ń ṣọ́.

Èyí tí kò yẹ kí tọkọtaya kankan ṣàìmọ̀ ni ti tàíróòdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn. Bí ìtànṣán bá kan ọrùn, iṣẹ́ rẹ̀ lè máa dínkù láìsí ariwo. Ẹni tó bá ṣe á máa sùn ṣáá, òtútù á máa mú un, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, kò ní fẹ́ dìde ṣe ohunkóhun. Aya á ní ọ̀lẹ ni. Ọkọ náà lè gbà pé ọ̀lẹ lòun. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti mọ̀ ọ́n, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní TSH, ní oṣù 6 sí 12 síra wọn, oògùn oníhóró tí a ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fi aláìsàn rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀ nínú irú àárẹ̀ yìí, tó ní ara rẹ̀ á balẹ̀ tó bá yá, lè máa dúró de ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀.

Ẹjọ́ ti ẹ̀gbẹ́ kejì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó ní kí á fi aláìsàn lọ́rùn sílẹ̀ kò sọ pé kí á pa á tì. Wọ́n ń rán wa létí pé àgbàlagbà ni. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọmọ ni òwe náà ń bá wí, ọkọ ẹni tàbí aya ẹni kì í sì í ṣe ọmọ ẹni. Ẹni tí wọ́n ti gé apá kan ahọ́n rẹ̀, tí kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ já gaara mọ́, tí oúnjẹ ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú àna, nǹkan tó ti pàdánù pọ̀. Agbára láti sọ pé “rárá” wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Níbi oúnjẹ lèyí ti ń hàn jù. Aya se ọbẹ̀ láìfi ata sí i, ó lọ̀ ọ́ nínú blẹ́ńdà, ó rọra ro àmàlà tó rọ̀ pẹ̀lú ewédú, ó gbé e síwájú ọkọ, ó jókòó tì í, ó ń ka ṣíbí. Ọkọ jẹ ṣíbí mẹ́rin, ó ti abọ́ sẹ́yìn. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Bọ́lá, ẹ fi méjì péré kún un.” Ó fi méjì kún un nítorí ojú aya rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun á jẹun nínú yàrá. Ta ni a fẹ́ dá lẹ́bi? Aya ń wo agbádá tó ti ń fẹ̀ jù lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọkọ náà kò ṣorí kunkun: oúnjẹ tí kò ní adùn lẹ́nu, tó ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu nítorí pé itọ́ kò sí, iṣẹ́ agbára ni. (Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ̀kọ mímu nìkan kò lè gbé àgbàlagbà ró. Kí á máa fi mílíìkì, ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà sí i. Àgbo ọlọ́tí tí àwọn àlejò ń gbé wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gbé e síbi tí ẹnu tó ń bó kò ti ní kàn án.)

Ewu gidi tún wà nínú ká ṣáà ní kí ènìyàn jẹun. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Lẹ́yìn ìtànṣán, omi tàbí oúnjẹ lè yà sí ọ̀nà èémí, kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró, nígbà mìíràn láìsí ikọ́ rárá, nítorí ibi tó yẹ kó ta ènìyàn jí kò mọ nǹkan lára mọ́. Ẹni tó ń rọ ọkọ rẹ̀ pé kí ó ṣáà mu ẹ̀kọ yẹn tán lè máa dà á sínú ẹ̀dọ̀fóró láìmọ̀. Bí ibà tí kò nídìí bá ń wá tó ń lọ, bí èémí bá ń dún, bí ohùn bá ń dà bí ohùn ẹni tí omi há lọ́fun lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ dáwọ́ fífi nǹkan sẹ́nu dúró, kí ẹ padà lọ bá dókítà. Níbí, ẹni tó ní òun kò jẹ mọ́ lè jẹ́ ẹni tó mọ ara rẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Nítorí pé ohùn rẹ̀ kò já gaara, aya á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé fóònù. Láìpẹ́, àwọn ènìyàn á máa bi aya ní “Ṣé wọ́n ti jẹun?” níṣojú ọkọ tí etí rẹ̀ là kedere. Ìrànlọ́wọ́ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí a kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kì í kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, àgbà tí a ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu á sì dákẹ́ pátápátá. Nípa èyí, mo wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí á fà sẹ́yìn, mi ò sì rí ohun tí ẹ̀gbẹ́ kejì lè fi dáhùn.

Ilé ọkọ níbí tún fi tirẹ̀ kún un. Obìnrin tó bá ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé “ẹ la ẹnu, ẹ tún un là” lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, àwọn ẹbí ọkọ lè ní àìsàn ti jẹ́ kó rí ọkọ fín. Ọkùnrin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún aya rẹ̀, wọ́n á ní kò lójú àánú. Ohun tó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwa ọkùnrin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ó ránṣẹ́ pe ìyá ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin, a ó fi ìtọ́jú lé e lọ́wọ́, a ó sì máa sọ pé a kò fẹ́ yọ aya wa lẹ́nu. Ìkọ̀sílẹ̀ ni èyí, orúkọ rere la fún un. Bákan náà ni ìfúngunmọ́ ẹlòmíràn jẹ́ ìbẹ̀rù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ló fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀, ó wá ń fi abọ́ ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n.

Ìtàn ènìyàn méjì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Roger Ebert, ará Chicago tó ń kọ̀wé nípa fíìmù nínú Chicago Sun-Times láti 1967, jẹjẹrẹ tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ nínú ẹnu: tàíróòdì ló ti hàn ní 2002, wọ́n rí i níbi tí itọ́ ti ń sun ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì dé eegun àgbọ̀n ní 2006. Wọ́n gé eegun náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, bó ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò ní ilé ìwòsàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan bẹ́ lọ́rùn rẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí. Kò jẹ, kò mu, kò sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2013. Agbẹjọ́rò ni Chaz, aya tó fẹ́ ní 1992, kò sì jẹ́ kó sinmi nínú àìnírètí. Ebert fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, òun ì bá ti juwọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n gbìyànjú láti tún àgbọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n ń gé ẹran ara níbòmíràn láti fi dí i, tí kò sì bọ́ sí i. Ó ní ó tó, òun kò ṣe òmíràn. Nígbà tí àwọn kan gbà á nímọ̀ràn ní 2007 pé kó má lọ síbi àjọ̀dún fíìmù tirẹ̀ kí àwọn oníròyìn má baà ya ojú rẹ̀, ó lọ. Ní 2012, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ìwé tó kọ nípa fíìmù lé ní 300.

Ẹnìkejì ni Sigmund Freud, dókítà ará Vienna. Wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ẹnu rẹ̀ ní 1923; iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí i láti ìgbà náà títí ó fi kú ní London ní 1939 ju 30 lọ. Wọ́n ṣe àwo kan tó dí ihò àjà ẹnu rẹ̀, èyí tó máa ń dùn ún gidi láti fi sí àti láti yọ. Martha, aya rẹ̀, kọ́ ló ń bá a ṣe é. Anna ọmọbìnrin rẹ̀ ni, Ernest Jones tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sì sọ pé àwọn méjèèjì ti ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò ní sí ojú àánú nínú rẹ̀. Kí ó ṣe é bí oníṣẹ́ abẹ ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ti sìgá ńlá tó ń mu, tí àwọn dókítà ń kọ̀ fún un, kò sẹ́ni tó rí i yí lọ́kàn padà. Àwọn kan á ní ó yẹ kí Martha ti sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin náà fẹ́ kí ẹnì kan wà nínú ilé tí òun kò ní la irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún.

Bí ẹ bá ní kí n dá ẹjọ́, mo fara mọ́ àwọn tó ní kí á fúngun mọ́ ọn nípa àgbọ̀n, eyín, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbà, àti ikọ́ tó yẹ kí dókítà gbọ́. Ohun tó bá bọ́ lọ níbẹ̀ kì í sábà padà, ẹni tó sì sọ “rárá” lónìí ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ti ọdún tó ń bọ̀ náà. Nípa iye ṣíbí, jíjáde síta, ojú tó fẹ́ kí ayé rí, ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àti iṣẹ́ abẹ òmíràn, ẹnu rẹ̀ ni, òun ló ni àṣẹ. Gbígbé oúnjẹ mì wà láàárín méjèèjì: àyẹ̀wò ọ̀fun ni kó dá a, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe aya. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí ìdájọ́ mi padà. Bí “ẹ fi mí sílẹ̀” bá ti kan ohun gbogbo, tí kò dá ọmọ-ọmọ pàápàá lọ́hùn mọ́, àìsàn ọkàn lè ti wọ̀ ọ́, kí á sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Kò sì yẹ kó jẹ́ pé ẹnì kan ni yóò máa fúngun nígbà gbogbo. Ẹni tó ń ká a lọ́wọ́ kò lórí igi àgbọ̀n láàárọ̀, tó tún fẹ́ kó fọwọ́ kọ́ òun lọ́rùn lálẹ́, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Kí ọmọ tó ti dàgbà, tàbí àbúrò kan tí aláìsàn kì í lè ṣe orí kunkun sí, gba tàárọ̀. Àdéhùn tún dára: kí àwọn méjèèjì jókòó lọ́jọ́ tí ara bá yá, kí ẹni tó ni ẹnu sọ iye ìgbà tí wọ́n lè rán òun létí, àti ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ dọ̀la.

Ẹ̀yin tí ìtọ́jú kò tíì bẹ̀rẹ̀ fún, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì wọ yàrá dókítà. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìlà ẹnu ní mílímítà kí ìtànṣán tó kàn án, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń ṣọ́. Ẹ béèrè ẹni tí yóò kọ́ yín ní nínà àgbọ̀n, ìgbà tí dókítà eyín yóò wò ó, àti ìgbà tí wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ fún tàíróòdì. Bí dókítà bá sì ń dojú ìbéèrè kọ ẹni tí ara rẹ̀ dá nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yá gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ dáhùn.